Ilé Tí Ayálégbé Ń Gbé: Irú Ìnṣọ́ránsì Wo Ni Ká Rà?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ lọ́jọ́ àjọ̀dún

   Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá. A mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù, nítorí náà a ò ní fi falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fúláàtì ẹgbẹ́ la fẹ́ sọ. Láti ọdún 2021 ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá pé kí ló dé tí èrè tí a pín lọ́dún náà fi kéré tó bẹ́ẹ̀. A sọ díẹ̀ nínú ìpàdé, ṣùgbọ́n àwọn kan ò wá, àwọn kan sì wá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tiwọn lẹ́yìn. Lónìí a ó sọ ọ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti owó ẹgbẹ́ lọ. Bí a bá ka ara wa nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn tó ti kọ́ ilé tàbí tó ti ra fúláàtì tí wọ́n sì gbé e fún ayálégbé kò kéré. Owó ilé yẹn ni àwọn ìyá mìíràn fi ń jẹun báyìí tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè wá sọ́jà mọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa la jìn sí i. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ẹ óò rántí pé ọdún 2011 la ra fúláàtì yẹn, nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀sítéètì tí ìjọba Alhaji Lateef Jákáńdè kọ́ nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó láàárín 1979 sí 1983. Ẹ mọ bí àwọn ilé náà ṣe rí. Ti àwa yìí, ilé kan ni, fúláàtì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ẹni mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n, àtẹ̀gùn kan, òrùlé kan. Ti ẹgbẹ́ wà ní àjà kejì. ₦6,000,000 la rà á. A tún un kùn, a wá ayálégbé sí i, owó ilé ń wọlé, inú gbogbo wa dùn.

Lọ́dún 2012, ọmọkùnrin ejẹ́ǹtì kan wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ táì, ẹnu rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀ kí Ìyálọ́jà. Ó ní ìnṣọ́ránsì iná lòún mú wá, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní adójútòfò. Ó bi wá pé èló la ra ilé, a ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ẹni tó ń gbé inú ilé, ó kọ ọ́ pé onílé ni. Kò bi wá. A fọwọ́ sí i. Ká má parọ́, a ò kà á. Àwa tí a máa ń gbé léèsì síta lójú oòrùn kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sanwó rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún la fi fọwọ́ sí ìwé mílíọ̀nù mẹ́fà, torí oníbàárà ń dúró dè wá.

Ọdọọdún la sì ń san owó rẹ̀. Lọ́dún 2018, nígbà tí akápò wa ń lọ san ti ọdún náà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá a dúró lójú ọ̀nà, ni ó bá mú ìwé náà jáde nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ibẹ̀ ló ti rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé onílé ló ń gbé ibẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà pé ayálégbé ló wà níbẹ̀ o, láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ó ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún òun, ó sì kó o sínú fáìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́tà yìí sọ́kàn. Ṣùgbọ́n iye tí a fi ilé sí nínú ìwé, mílíọ̀nù mẹ́fà ti 2012 yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa ò wò ó. Akápò náà ò wò ó.

Oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ ní ilé ìdáná. Rọ́bà gáàsì ló ti gbó, tó ń yọ. Ayálégbé wa, ọmọ ọjà bíi tiwa tó ń ta ẹja tútù, ló ń dáná lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó jóná, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ilé ìdáná jó, sílíìnì pálọ̀ já lulẹ̀, ilẹ̀kùn méjì àti wáyà iná gbogbo bàjẹ́. Omi tí wọ́n fi pa iná ṣàn lọ sí fúláàtì tó wà nísàlẹ̀, ti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Sílíìnì tirẹ̀ náà wó lé fìríìsà àti ìjókòó rẹ̀ lórí.

A ò mikàn. A ní ṣebí a ní ìnṣọ́ránsì.

Nígbà tí ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ náà rán wá wo òfò dé, ó ya fọ́tò, ó fi téèpù wọn gbogbo ògiri, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé fọ́ọ̀mù wa sọ pé onílé ló ń gbé ibẹ̀, ayálégbé ló sì bá, nítorí náà ilé-iṣẹ́ lè má san kọ́bọ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ àti ẹni tó gbé ilé fún ẹlòmíràn, ewu wọn kì í ṣe ọ̀kan náà lójú ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pamọ́ fún wọn, tàbí tó jẹ́ kí ejẹ́ǹtì fi pamọ́ fún un, ó ti fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fi já àdéhùn. Akápò wa dìde, ó mú lẹ́tà olóǹtẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ó dáa. Lẹ́tà kan péré ló gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ó ní àtúnṣe fúláàtì wa á tó ₦1,800,000. A gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá ní bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ irú fúláàtì yẹn láti ìpìlẹ̀ lọ́dún 2021, á ná an ní ₦18,000,000, ₦6,000,000 la sì fi sí nínú ìwé. Ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta òfò náà ni wọ́n máa san. A bínú. A ní ṣé òfò wa ò tíì tó mílíọ̀nù mẹ́fà ni, ẹ san án! Ọkùnrin náà fara balẹ̀, ó bi wá pé nínú èsúsú tiyín, ẹni tó ń dá ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó yẹ kó dá, ṣé odindi ló máa kó? Gbogbo wa dákẹ́. Owó kékeré la ti ń san láti ọdún 2012, torí iye kékeré la kọ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kà á sí pé àwa fúnra wa la ń ṣe adójútòfò ìdá méjì tó kù. Ó wà nínú ìwé, ní ojú ewé kẹta, lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ₦600,000. Wọ́n tún yọ ₦50,000 tó jẹ́ apá tí ẹni tó ni ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ gbé nínú òfò èyíkéyìí. ₦550,000 ló dé ọwọ́ wa. Ẹgbẹ́ wá ₦1,250,000 kún un. Tíṣà tó wà nísàlẹ̀ ní kí a san ₦350,000 fún ohun ìní òun, ìwé wa ò sì sọ nǹkan kan nípa aládùúgbò, ẹgbẹ́ ló san án kí ọ̀rọ̀ má baà di ti kóòtù. Oṣù mẹ́fà ni fúláàtì fi ṣófo tí a ń tún un ṣe, owó ilé ọdún kan nígbà náà jẹ́ ₦600,000, ₦300,000 tún lọ. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦1,900,000. Ibẹ̀ ni èrè ọdún 2021 wọlé sí. Kò sí ẹni tó jí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwa ìgbìmọ̀ ni, a sì bẹ̀ yín lónìí níwájú àwọn ọmọ yín.

Ti ayálégbé wa ló dùn wá jù. Ó rò pé ìnṣọ́ránsì ilé á san owó tẹlifíṣọ̀n, aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tí onílé bá rà, ilé ló wà fún, ẹrù ayálégbé kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ayálégbé, ẹ gbọ́ o, ti ẹrù yín wà lọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ máa rà á, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. A dá owó fún un láàárín ara wa, ẹ ṣeun, àmọ́ kò tó ohun tó pàdánù.

Lọ́dún 2022, Ìyálọ́jà ní kí ẹni mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ lọ wádìí kí a tó tún ra òmíràn. A dé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, a sì lọ bá búrọ́kà kan. Ejẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ kan ń ta ọjà ilé-iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n búrọ́kà lè bá yín wo ti ilé-iṣẹ́ púpọ̀, inú owó tí ẹ san fún ilé-iṣẹ́ sì ni wọ́n ti ń fún un ní tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ìwé tí wọ́n kó wá bá wa, èyí tó dín owó jù là ń nawọ́ sí. Ọlọ́jà ni wá, ẹ má bínú. Búrọ́kà náà ló ní ká fi owó sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ tiwa.

Ìbéèrè yẹn dà bí ìbéèrè ọmọdé, àbí? Ṣùgbọ́n nínú ilé oní-fúláàtì mẹ́fà, òun gan-an ló le jù. Ògiri inú, ilẹ̀kùn, tááìsì, wáyà, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, tiwa ni. Òrùlé ńkọ́? Àtẹ̀gùn? Páìpù omi tó gba ara ògiri ẹni mẹ́fà kọjá? Táǹkì tó wà lókè? Bí ìjì bá ṣí òrùlé, ẹni tó wà ní àjà òkè á ní ti gbogbo wa ni, ẹni ìsàlẹ̀ á ní òun ò rí òjò. Bí àwọn mẹ́fà ò bá jọ ra ìnṣọ́ránsì fún ilé náà lápapọ̀, ti ẹni kan ṣoṣo ò lè tún òrùlé gbogbo ilé ṣe.

Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló là wá lójú sí i lórí fóònù. Ó ra irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kọ́ńdò ni wọ́n ń pè é, nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú mìíràn ó gbé e fún ayálégbé. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹgbẹ́ àwọn onílé ló máa ń ra ìnṣọ́ránsì ńlá fún òrùlé, ògiri ìta àti àtẹ̀gùn, onífúláàtì kọ̀ọ̀kan á wá ra ti inú. Ṣùgbọ́n ibi tí ti ẹgbẹ́ parí sí yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì. Ti ẹgbẹ́ mìíràn máa ń dé orí kọ́bọ́ọ̀dù àti tááìsì inú fúláàtì, ti òmíràn á dúró lára ògiri, onílé ló máa ru gbogbo ohun tó wà nínú. Ó ní ìwé òfin ẹgbẹ́ onílé lòún kọ́kọ́ kà kí òun tó gbé ẹsẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kankan. Ìwé tó sì ní tẹ́lẹ̀, ti ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n pa á dà sí ti onílé tó ní ayálégbé lọ́jọ́ tí òun kó jáde gan-an, torí tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè ní àwọn ò mọ ayálégbé rí. Ohun kan náà tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wa! Ó tún ní òun ra apá kan tó máa ń san ìpín òun bí òfò ilé bá ju ìnṣọ́ránsì ẹgbẹ́ lọ tí wọ́n wá dá ìyókù lé àwọn onílé lórí. Àdéhùn tirẹ̀ sì sọ pé ayálégbé gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ẹrù tirẹ̀ kó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí a gbọ́ eléyìí, a pe àwọn onífúláàtì márùn-ún yòókù jọ. Ìpàdé yẹn kò rọrùn. Ẹnì kan ní òun ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà Jákáńdè, iná ò jó òun rí. Òmíràn wà ní London, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló rán wá, kò sì lè pinnu nǹkan kan. Tíṣà ìsàlẹ̀ ló bá wa sọ ọ́, ó ní sílíìnì tó wó lé òun lórí, kì í ṣe iná fúláàtì òun. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹni mẹ́rin ló ti gbà pé ká jọ ra ti òrùlé, àtẹ̀gùn àti ògiri ìta, ẹni méjì ò tíì gbà. Ní báyìí ná, tiwa nìkan la rà.

Bí a ṣe rà á nìyí. A san owó fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ dídíye lé ilé, ó wá wò ó. Ó ṣàlàyé fún wa pé iye tí wọ́n lè ta ilé kì í ṣe iye tí à ń fi sí ìnṣọ́ránsì. Ilẹ̀ kì í jóná. Iye tí a ó fi tún un kọ́ là ń kọ, títí kan owó tí a ó fi kó àwókù kúrò àti owó ayàwòrán ilé. Lọ́dún 2022 a fi í sí ₦20,000,000. Ẹ sì mọ ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn náà. Náírà já wálẹ̀ ní 2023, nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò sìmẹ́ńtì ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí a bá fi sílẹ̀ ní ogún mílíọ̀nù, a ti tún padà sí ọ̀nà kan náà. Ìwé wa ti wà ní ₦35,000,000 báyìí, a ó sì máa wò ó lọ́dọọdún kí a tó sanwó, bí a ṣe ń wo iye tí à ń ra ọjà kí a tó mọ iye tí a ó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ra ìnṣọ́ránsì ilé ṣáájú 2023 tí ẹ ò tíì fọwọ́ kan iye rẹ̀, ẹ dákun, ẹ wá rí wa lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìwé iná lásán, iná, àrá àti gáàsì ilé ìdáná tó bá bú gbàmù ló máa ń wà níbẹ̀. Ìjì, àgbàrá, páìpù tó bẹ́, táǹkì tó kún àkúnya, ọkọ̀ tó ya wọ ilé, ìjà ìgboro, gbogbo ìyẹn ni a ní láti ní kí wọ́n fi kún un. Owó tí wọ́n fi ń gorí rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ àwọn ejẹ́ǹtì kan kì í dárúkọ wọn kí ọjà tiwọn lè dà bí èyí tó rọjú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé n'Íbàdàn lẹ́bàá odò, a ò ní kọ́ yín. Ẹ rí òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn àgbà nínú yín sì rí ti Ògùnpa ní 1980. Ìwé iná lásán kò lè dá yín lóhùn lórí irú ìyẹn.

A fi ti owó ilé kún un. Bí iná tàbí ìjì bá sọ fúláàtì di ohun tí ènìyàn ò lè gbé, wọ́n á san owó ilé fún iye oṣù tó wà nínú àdéhùn. Ẹ má ṣì í gbọ́ o! Ẹnì kan ti bi wá bóyá ó máa san án bí ayálégbé bá kọ̀ tí kò san owó ilé. Rárá. Ìyẹn, ẹ̀yin àti ayálégbé yín àti lọ́yà.

A sì fi ti aládùúgbò àti àlejò kún un, èyí tó máa san bí ohun tó ti ọ̀dọ̀ wa wá bá ba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́ tàbí tó pa ènìyàn lára. Ká ní a ní i lọ́dún 2021 ni, ọ̀rọ̀ tíṣà ì bá má kàn wá lápò. Eléyìí gan-an sì wà nínú òfin. Òfin Ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ àwọn ilé tó pọn dandan kí wọ́n ní ìnṣọ́ránsì, fún wíwó, iná, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti àgbàrá, àti fún ìpalára tó bá bá ẹni tó ń lo ilé náà. Ìjìyà tó kọ síbẹ̀ nígbà náà ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí méjèèjì. Òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2025 kò mú dandan náà kúrò. Mélòó nínú àwa onílé la gbọ́ ọ rí? Àwa ìgbìmọ̀ ò gbọ́ ọ títí di 2022, ọdún mọ́kànlá la sì ti fi jẹ́ lándílọ́ọ̀dù.

Kí a tó sanwó, a wádìí lọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ yìí, bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Ayédèrú pọ̀ níta. Ẹ máa wò ó lọ́dọọdún, torí òfin 2025 ti béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ìnṣọ́ránsì yìí ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù ₦15, àwọn tí agbára wọn ò bá gbé e á darapọ̀ mọ́ ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n kógbá sílé. Ẹ sì san owó yín pé. Láti oṣù kìíní ọdún 2013 ni àjọ náà ti fọwọ́ líle mú un pé ẹni tí kò bá sanwó, kò ní ìnṣọ́ránsì. Kò sí pé mo máa mú un wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Àwìn ò sí níbẹ̀.

Àwọn ìyá Mùsùlùmí wa kan ní ọkàn àwọn ò gbà á, torí èlé. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní takaful wà ní Nàìjíríà, NAICOM sì fún àwọn tó ń ṣe é ní àṣẹ. Àwọn tó wọ̀ ọ́ jọ ń dá owó sí àpò kan láti fi ran ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ sí láàárín wọn lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ àáfà yín.

Ohun méjì kékeré tó kù. Bí fúláàtì yín bá máa ṣófo ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ láàárín ayálégbé kan sí èkejì, ẹ kọ̀wé sọ fún ilé-iṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ilé bá ṣófo pẹ́. Bí ayálégbé bá sì yí ohun tó ń ṣe nínú ilé padà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í din ṣinṣíìnì tà, tàbí tó ń kó kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ sọ ìyẹn náà. Kí ẹ fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà lẹ́tà yín. A ti lọ wo ti ayálégbé tuntun wa, a pààrọ̀ rọ́bà gáàsì, a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọdọọdún la ó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó tí gbogbo èyí gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́dún yìí jẹ́ ₦70,000. Owó ilé ọdún kan ti di ₦1,500,000. Tí ẹ bá pín in sí oṣù méjìlá, ẹ óò rí i pé owó tí a san kò tó owó ilé oṣù kan. Àwọn kan ti ń kùn pé ìgbìmọ̀ ń ná owó ẹgbẹ́ sórí bébà. A gbọ́. Ìdí nìyí tí a fi kó ìwé náà àti rìsíìtì wá, pẹ̀lú lẹ́tà ọdún 2018, wọ́n wà lórí tábìlì akápò lẹ́nu ọ̀nà. Kí olúkúlùkù wò wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀wé ka, kí ó mú ọmọ rẹ̀ dání.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ la ó dìbò lórí ohun méjì: bóyá kí ẹgbẹ́ san ìpín tiwa nínú ìnṣọ́ránsì òrùlé bí ẹni méjì tó kù bá gbà, àti bóyá kí a máa pe ẹni tó ń díye lé ilé wá ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tí ayálégbé ń gbé, ẹ mú ìwé yín wá lọ́jọ́ náà, akápò àti àwa á bá yín kà á láti òkè délẹ̀, títí dé lẹ́tà wẹ́wẹ́ ojú ewé kẹta.

 Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé.